Ìyípo Àforíjì

Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ ni wọ́n ń pè é nínú ẹgbẹ́ eléré kẹ̀kẹ́. Bàbá Òfin ni tèwe-tàgbà mọ̀ ọ́n sí, ó sì ti pẹ́ tí ó ti ń jẹ́ ẹ tí òun fúnra rẹ̀ kì í fi í dáhùn bí ẹni tí wọ́n pè ní ìnagijẹ mọ́. Iṣẹ́ àtúnṣe kẹ̀kẹ́ ni ó fi ṣe ayé, nínú ìsọ̀ tóóró kan tí sípánà so rọ̀ lára ògiri rẹ̀ láti kékeré dé ńlá bí ọmọ ìyá tí ń tò sẹ́yìn ara wọn. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi, nígbà tí ẹgbẹ́ bá ti fi àgbá òfìfo dí ọ̀nà tó yí ilé-iṣẹ́ omi ká, tí ọkọ̀ kan kò lè gba ibẹ̀ kọjá mọ́, òun ni adájọ́ eré.

Àwọn tí ń sáré níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀jẹ̀ tí ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun. Alápatà wà nínú wọn, tíṣà wà níbẹ̀, ẹni tí ń kun ilé wà níbẹ̀. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń sáré, tí ilẹ̀ bá sì mọ́ wọn a padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn pẹ̀lú itan tí ń ro wọ́n. Nítorí náà ni Bàbá Òfin ṣe gbà pé òfin ni ó yẹ kí ó ṣọ́ wọn, nítorí pé ẹni tó ń fi ohun kan ṣeré kì í ka ewu rẹ̀ sí.

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, yóò gun orí àpótí kan, yóò sì la òfin náà sílẹ̀ láìwo ìwé. Ẹni tí kò bá de akoto rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n kò gbọdọ̀ fi ìdí kan ìjókòó kẹ̀kẹ́, ì báà ṣe pé ó kàn fẹ́ fi dé ẹ̀yìn igi lọ tọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gun kẹ̀kẹ́ kọjú sí ibi tí àwọn yòókù ti ń bọ̀. Bí táyà bá jò lẹ́yìn tí o ti kọjá àgọ́ àtúnṣe, sọ̀ kalẹ̀, gbé kẹ̀kẹ́ lé èjìká, kí o fẹsẹ̀ rìn lórí koríko. Ipa tí o bá mú wọ kọ́nà ni kí o mú jáde níbẹ̀, nítorí pé ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ ti fi ara rẹ̀ sọ́wọ́ rẹ. Ẹni tí ọ̀wọ́ eléré bá yí po lé bá láti ẹ̀yìn, yóò gbọ́ fèrè, yóò sì rọra bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òde, eré tirẹ̀ ti tán nìyẹn. Ẹni tí wọn kò bá lé bá títí eré fi parí, a kà á mọ́ àwọn tó parí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló kẹ́yìn.

Lẹ́yìn èyí ni ó máa ń kan ìyípo àforíjì. Ẹni tí táyà rẹ̀ bá jò, tí irin kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá kán, tàbí tí ó bá ṣubú, yóò yà sí àgọ́ níbi tí olúkúlùkù kó ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ àfirọ́pò rẹ̀ sí. Adájọ́ yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá rí i pé ìjàmbá ni lóòótọ́, yóò dá a dúró títí ọ̀wọ́ yóò fi yí dé, yóò sì tì í padà sáàárín wọn bí ẹni pé kò kúrò níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ohun tí a kò dì le láti ilé ni ó tú lójú eré, kò sí àforíjì. Kí onítọ̀hún tún un ṣe, kí ó máa bá ìyà rẹ̀ lọ.

"Ìjàmbá là ń dárí jì," ni yóò fi kádìí rẹ̀. "A kì í dárí ji ọwọ́ dẹngbẹrẹ."

Obìnrin kan wà nínú wọn tó ń ta ẹran, ẹlẹ́sẹ̀ líle tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Kò sí ìgbà tí Bàbá Òfin parí ọ̀rọ̀ yìí tí Alápatà kì í sọ pé bí òfin yìí bá jẹ́ ẹran ni, òun ì bá ti fi kún ìsọ̀ méjì, kí ó sì tún ṣẹ́ kù. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún eré náà, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ yí mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà tí ó wà ní iwájú gbogbo wọn, Bàbá Òfin sì wò ó, ó rí i pé bóòtù ni kò dì, ó ní kò sí àforíjì. Alápatà jókòó lórí koríko títí eré fi parí, ó ń fi ara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ pọ́n.

Àwọn tó mọ Bàbá Òfin mọ̀ pé ọmọ kan ṣoṣo ni ó bí, pé ọmọ náà jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn eléré ẹgbẹ́, àti pé àìsàn òjijì ni ó gbé e lọ ní ọdún tó kọjá. Ó fi ìyàwó sílẹ̀ àti kẹ̀kẹ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyàwó, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn kan, níbi tí ó ti ń ru aṣọ ibùsùn tútù gun àtẹ̀gùn láti àárọ̀ di ọ̀sán. Kò padà sí ilé bàbá tirẹ̀. Kẹ̀kẹ́ náà ń bẹ nínú pálọ̀, ó fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá ọkọ rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn oúnjẹ, Ìyàwó wí pé bí Màmá bá gbà, òun fẹ́ máa gun ún. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Ìyá Aránṣọ, ìyàwó Bàbá Òfin, yọ abẹ́rẹ́ tó wà láàárín ètè rẹ̀, ó fi í gún ìrọ̀rí kékeré tó wà lápá rẹ̀, ó sì wí láìbínú pé nǹkan kan ṣoṣo tó kù nínú ilé náà tó ṣì ga tó ọmọ òun ni kẹ̀kẹ́ yẹn.

Òtítọ́ ni ó sọ. Nígbà ayé ọmọ náà, ìjókòó kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Gbogbo ẹni tó bá yá a ni ó ń gbé e sókè sódò, ọmọ náà yóò sì máa ṣàròyé kiri ilé. Lọ́jọ́ kan ni ìyá rẹ̀ ní kí ó gun kẹ̀kẹ́ náà láìwọ bàtà, ó kúnlẹ̀ tì í, ó sì fi ọ̀dà pupa fa òrùka yí ọ̀pá ìjókòó po, ní ibi gan-an tí ọ̀pá ti yọ jáde nínú ihò rẹ̀. Láti ìgbà náà, ojú àmì ni ìjókòó ń dúró sí. Láti ìgbà tí ọmọ sì ti lọ, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí Ìyá Aránṣọ kì í fi ìka kan òrùka náà bí ó bá ń palẹ̀ iṣẹ́ mọ́.

Ẹ̀bẹ̀ ni Ìyàwó fi sin ẹ̀bẹ̀, kò sì fi ariwo kún un. Nígbà tó yá, ìyá gbà, ṣùgbọ́n ó la ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń gé aṣọ. Eré kan ṣoṣo ni Ìyàwó yóò sá. Bí ó bá parí rẹ̀, kẹ̀kẹ́ di tirẹ̀, kí ó máa gùn ún títí ó fi máa sú u. Bí kò bá parí, kẹ̀kẹ́ yóò padà sílé, wọn yóò gbé e kọ́ ògiri, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ fún òun mọ́. Ó wá kọjú sí ọkọ rẹ̀, ó ní ohun kan kù: ọ̀dà yẹn kò gbọdọ̀ họ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wọ Bàbá Òfin lára. Ìyàwó fi ìwọ̀n ìka méjì kúrú sí ọkọ rẹ̀. Bí a bá rẹ ìjókòó sílẹ̀ dé ìwọ̀n tirẹ̀, òrùka pupa yóò wọnú ihò, ní ibi tí ọ̀já irin ti í bu ọ̀pá jẹ kí ó má baà yẹ̀. Bí ó bá dì í bó ṣe yẹ, irin yóò họ ọ̀dà. Bí kò bá sì dì í bó ṣe yẹ, ohun tí ń tẹ̀lé e kò ṣẹ̀ṣẹ̀ di àlàyé fún un.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ eré, nígbà tí àwọn obìnrin méjèèjì ń wẹ̀, Bàbá Òfin mú àjákù aṣọ kan nínú apẹ̀rẹ̀ Ìyá Aránṣọ, èyí tí wọ́n fi ń tẹ́ inú kóòtù, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ó fi í wé òrùka pupa náà, ó ti ọ̀pá wọlé, ó sì di bóòtù lé e lórí. Láti ìgbà tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ ni ó ti ń pariwo sí wọn létí pé irin ni ń di irin mú, pé ẹni tó bá fi aṣọ sáàárín irin méjì, ilẹ̀ ni yóò bá ara rẹ̀. Ó ti lé ọmọ iṣẹ́ kan kúrò nítorí irú rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ ìjókòó náà mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, kò sì mì. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé yóò dúró. Bẹ́ẹ̀ ni ó mọ̀ pé ọwọ́ arúgbó kì í ṣe ara ènìyàn tí ń gun òkè.

Àwọn obìnrin ni wọ́n kọ́kọ́ sáré. Ìyá Aránṣọ, tí kò dé ibẹ̀ rí, àní nígbà ayé ọmọ rẹ̀, gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn àwọn àgbá, ó jókòó ṣánṣán, pọ́ọ̀sì lórí itan, bí ẹni tí ń dúró de dókítà. Bàbá Òfin dúró sí àgọ́ pẹ̀lú fèrè lọ́rùn. Akọ̀wé ẹgbẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ ìgò ojú, dúró tì í, agogo ìyípo ìkẹyìn sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Ìyàwó sáré ju bí wọ́n ti rò lọ. Kò mọ ọgbọ́n kọ́nà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti kan òkè tó wà lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ omi, ẹsẹ̀ tó ti fi ru aṣọ tútù gun àtẹ̀gùn a bẹ̀rẹ̀ sí sọ èdè tirẹ̀. Ìgbà kan tilẹ̀ wà tí ó bá Alápatà gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá níwájú àgọ́, tí Alápatà ní kí ó rọra o, pé kì í ṣe aṣọ ilé ìwòsàn ni wọ́n ń sáré lọ ká. Nígbà tí táyà ọmọbìnrin kan jò, Bàbá Òfin yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé òótọ́ ni, ó sì fún un ní àforíjì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó gbójú sókè, tí ó rí i pé Ìyàwó kò sí nínú ọ̀wọ́ tó ń bọ̀.

Òun nìkan ni ó yọ ní kọ́nà ìsàlẹ̀, lẹ́yìn gbogbo wọn pátápátá. Orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan àgbọ̀n rẹ̀. Ìjókòó kẹ̀kẹ́ ti rì wọlé bí èékàn tí a gbá mọ́lẹ̀. Ó yà sí àgọ́, ó sọ̀ kalẹ̀.

"Bàbá, ìjókòó ti rì."

Bàbá Òfin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò nílò kí ó wò ó. Etí àjákù aṣọ náà ti yọ sóde lẹ́nu ihò bí ahọ́n ewúrẹ́. Bóòtù wà lódindi, ọ̀já wà lódindi.

Akọ̀wé na ọrùn láti ẹ̀yìn rẹ̀. "Ṣé ó kán ni, Bàbá?"

Kò sí ẹ̀tàn nínú ìbéèrè náà. Bí ó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, Akọ̀wé kò ní bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ta ni yóò yẹ ọ̀rọ̀ Bàbá Òfin wò? Ọ̀wọ́ yóò yí dé, yóò ti ọmọ náà padà sáàárín wọn, yóò parí eré, kẹ̀kẹ́ yóò di tirẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí Ìyá Aránṣọ lẹ́yìn àwọn àgbá, ó ti dìde dúró. Ó wo ibi koríko tí Alápatà jókòó sí lọ́jọ́sí.

"Kò kán," ni ó wí. "A ò dì í dáadáa ni. Kò sí àforíjì."

"Bàbá, ìyàwó ọmọ yín mà ni."

"Mo mọ̀ ọ́n."

Ìyàwó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, òógùn ń kán sílẹ̀ láti àgbọ̀n rẹ̀. Ó wo aṣọ náà, ó sì wo àna rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ dì í," ni ó wí, kò fi í bú u. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó sọ pé òjò ti ń rọ̀.

"Èmi ni. Ọwọ́ mi ló dẹ̀ ẹ́. Bí mo bá fi fèrè yìí bo ọwọ́ mi mọ́lẹ̀, kí ni mo fẹ́ wí fún Alápatà?"

Ìyàwó na ọwọ́ gba sípánà. Adájọ́ kò gbọdọ̀ bá eléré tún kẹ̀kẹ́ ṣe, Bàbá Òfin sì ká ọwọ́ mọ́ ẹ̀yìn, ó ń wò ó. Ìyàwó tú bóòtù, ó fa àjákù aṣọ náà jáde, ó jù ú sílẹ̀, ó fa ìjókòó sókè dé ìwọ̀n ara rẹ̀, ó sì dì í títí apá rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Ohùn kékeré kan jáde, bí ìgbà tí eyín bá pàdé ọkà oníyanrìn. Irin ti bu ọ̀dà jẹ. Kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ ọ.

Ó ti gun kẹ̀kẹ́ lọ kí ọ̀wọ́ tó yọ. Báyìí ni ọ̀ràn rẹ̀ ṣe rí: lójú ẹni tí kò mọ̀, òun ni ó wà níwájú gbogbo wọn, bẹ́ẹ̀ sì ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbèsè odindi ìyípo kan. Wọn kò tíì lé e bá, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni wọ́n wà. Bí ó bá lè máa sá fún wọn títí dé òpin, ó parí. Bí wọ́n bá bá a, ó tán.

Ó sá fún wọn. Ìyípo kan kọjá, òmíràn kọjá, àlàfo tó wà láàárín wọn kò ju gígùn ògiri ilé-iṣẹ́ omi lọ. Lórí òkè, àlàfo náà a fẹ̀. Ní kọ́nà, níbi tí àwọn yòókù ti ń bo ara wọn lọ́wọ́ afẹ́fẹ́ tí òun nìkan sì ń fi àyà gbà á, a tún sún kì. Àwọn èrò tó wà lẹ́yìn àgbá, tí wọ́n máa ń pariwo orúkọ ẹni tó bá wà níwájú, kò mọ orúkọ tí wọn yóò pariwo. Ìyá Aránṣọ ti fi pọ́ọ̀sì rẹ̀ sílẹ̀ lórí àpótí, ó di ẹnu àgbá kan mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Ó ku díẹ̀ kí Akọ̀wé gbé agogo nílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá a. Kì í ṣe pé ó dẹwọ́. Alápatà àti obìnrin kan ni wọ́n ń bá ara wọn du ipò, eré wọn sì ti yá kọjá ohun tí ẹnì kan ṣoṣo lè sá fún. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kọjá gan-an níwájú àgọ́.

Bàbá Òfin fi fèrè sẹ́nu. Afẹ́fẹ́ ni ó kọ́kọ́ jáde níbẹ̀, láìsí ohùn. Ó tún un fọn, ó dún.

Ìyàwó gbé ọwọ́ kan sókè láti fi hàn pé òun gbọ́. Ó mú ipa rẹ̀ títí gbogbo wọn fi kọjá, ó rọra bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ òde, ó sọ̀ kalẹ̀, ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ti wà nílẹ̀ ni ó tó tú okùn akoto rẹ̀. Kò sí òfin kan tí ó rú. Lẹ́yìn rẹ̀, agogo ìyípo ìkẹyìn dún fún àwọn tó kù.

Nígbà tí ó ti kẹ̀kẹ́ náà dé àgọ́, Ìyá Aránṣọ ti dé ibẹ̀, àpótí ìjókòó rẹ̀ lábẹ́ abíyá. Ìyàwó gbé ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sí i.

"Màmá, mi ò parí. Kẹ̀kẹ́ yín rèé."

Ìyá kò gbà á. Ọkọ rẹ̀ ni ó kọjú sí, ó béèrè ohun tó dé tí wọ́n fi ti ọmọbìnrin onítáyà jíjò padà tí wọn kò sì ti èyí padà. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè. Bàbá Òfin ki ọwọ́ bọ àpò, ó mú àjákù aṣọ náà, tí ó ti ṣà nílẹ̀, jáde. Ìyá Aránṣọ gbà á, ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ rẹ̀ yí i wò, bí ó ti í ṣe sí gbogbo aṣọ.

"Aṣọ inú kóòtù mi nìyí."

Ọkùnrin náà wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò fi kan bo ìkan: ibi tí ó ti mú un, ibi tí ó wé e mọ́, pé òun mọ̀ pé kò ní dì í mú, àti pé ọ̀dà pupa yẹn ni òun ń dáàbò bò. Ó tú bóòtù, ó fa ọ̀pá náà jáde kí ó lè rí i. Ìdajì òrùka ti lọ. Irin funfun ń dán níbi tí pupa wà tẹ́lẹ̀. Ìyá Aránṣọ fi ìka kàn án bí ó ti máa ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́, ó sì pẹ́ kí ó tó gbé e kúrò.

"Mo ní kí ọ̀dà má họ," ni ó wí. "Mi ò ní kí ẹ gbé ọmọ ọlọ́mọ jókòó sórí àkísà."

Nígbà náà ni Alápatà, tí ó gba ipò kìíní, ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé, ó ń mí bí ewìrì, ó sì ti ń sọ ọ́ láti ọ̀nà jíjìn pé òun ti ń retí ọjọ́ tí òfin Bàbá yóò bu olówó rẹ̀ ṣán. Ó kan ojú ìyá, ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i. Ó wá yíjú sí Ìyàwó, ó ní nígbà tí òun rí i níwájú òun, òun fẹ́ rọra, ẹsẹ̀ òun ló kọ̀.

"Ẹ̀ bá rọra, ǹ bá bínú sí yín," ni Ìyàwó fèsì.

Bàbá Òfin bọ́ fèrè lọ́rùn, ó fà á lé Akọ̀wé lọ́wọ́ pé kí ó fi darí eré àwọn ọkùnrin. Ó ní láti òní lọ, kí wọ́n fi kún òfin pé adájọ́ tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti kan kẹ̀kẹ́ kan kò gbọdọ̀ dá ẹjọ́ kẹ̀kẹ́ náà, ì báà dá a ire, ì báà dá a ibi. Akọ̀wé ní àwọn yóò jíròrò rẹ̀ nípàdé. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fẹsẹ̀ rìn padà sílé, kẹ̀kẹ́ wà láàárín wọn, ẹnikẹ́ni kò gùn ún.

Nígbà tí wọ́n wọlé, Bàbá Òfin kò jókòó. Àdéhùn ni àdéhùn. Ó mú òòlù àti ìṣó ńlá, ó wá ojú ibi tí yóò gbà á lára ògiri pálọ̀, ó sì ti gbé òòlù sókè kí Ìyá Aránṣọ tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ wá bá mi di kẹ̀kẹ́ yìí mú kó dúró."

Ó ní kí Ìyàwó bọ́ bàtà rẹ̀, kí ó gùn ún. Ọmọ náà wo Bàbá. Bàbá di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú, ọmọ náà sì gùn ún. Ìyá Aránṣọ fa okùn ìwọ̀n tó wà lọ́rùn rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì wọn ẹsẹ̀ Ìyàwó láti ìbàdí dé gìgísẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ rán ṣòkòtò fún un. Ó ní kí ó yí pẹ́dà sílẹ̀ pátápátá. Ó ní kí ó má na ìka ẹsẹ̀. Ó ní kí Bàbá gbé ìjókòó sókè díẹ̀, kí ó tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ níwọ̀n fọ́nrán irun orí kan, kí ó dì í níbẹ̀, irin sí irin, kí ó sì fi agbára dì í.

Lẹ́yìn náà ni ó mú agolo ọ̀dà pupa jáde lábẹ́ ẹ̀rọ. Ojú ọ̀dà náà ti dì. Ó fi ẹnu sísọ́ọ̀sì dá a lu, ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú rẹ̀, ó sì fa òrùka tuntun yí ọ̀pá po níbi tí ó ti yọ jáde nínú ihò. Òrùka ti ọmọ rẹ̀, èyí tó ṣẹ́ kù níbẹ̀, wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nínú irin, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò tó mọ́.

"Màmá," ni Ìyàwó wí, "ẹ ní bí mi ò bá parí..."

"Mo ní kó padà sílé. Ó ti padà sílé. Ta ló sọ fún ọ pé kò ní jáde mọ́?" Ó fẹ́ afẹ́fẹ́ ẹnu sí ọ̀dà náà. "Má mira. Kò tíì gbẹ."

Ìyàwó kò mira. Òòlù wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣó. Bàbá Òfin dúró níbi tí ó wà, ó di kẹ̀kẹ́ náà mú ṣinṣin pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, nítorí kò sí ẹni tó tíì sọ fún un pé kí ó fi í sílẹ̀.